Ẹṣin Tó Ní Ìwé

Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu, mo mọ̀ pé fídíò èmi àti ẹṣin yẹn ti dé Kétu ṣáájú mi. Zẹ́mì, ọlọ́kadà tó gbé mi lánàá, a ò tíì kọjá ẹ̀gbẹ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, tó ti ń pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Owó èèyàn méjì ló gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹni tó lẹ́ṣin kì í yọ owó kúrò.

Mi ò lẹ́ṣin o! Ìyá arúgbó òyìnbó tí ìyàwó mi ń wẹ̀ fún ló ń sanwó kí Inès ọmọ mi lọ kọ́ ẹṣin gígùn. Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti fi fọ́tò ọmọ lórí ẹṣin ránṣẹ́ sílé, ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó yìí ò pè mí mọ́, àfi bí páànù bá ń jò. Páànù tí mo ti san owó rẹ̀, ó yẹ kó ti bo ọ̀nà láti ibí dé Pobè.

Lọ́jọ́ ìdíje, olùkọ́ wọn kọ́kọ́ fi ìwé ẹṣin hàn mí. Caramel lorúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn ní ilẹ̀ Faransé, ẹṣin tó ní ìwé ìran, tí wọ́n bí lọ́dún 2012, C lorúkọ rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ti ìyá rẹ̀, ti bàbá ìyá rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo abẹ́rẹ́ tó ti gbà. Èmi fi ọdún mẹ́sàn-án jí ní aago mẹ́rin lọ tò níwájú préfecture, ilé ìjọba tó ń fún àlejò níwèé ìgbélùú, récépissé lórí récépissé, ìwé onígbà díẹ̀. Ẹṣin ò tò rí láyé rẹ̀.

Èmi rò pé eré sísá ni. Mo ti wo ọdún Gaani rí ní Nikki, kàkàkí ń dún, eruku ń sọ, àwọn Ìbàrìbá ń sáré bí ẹni tílé rẹ̀ ń jó. Níbi tá a lọ, iyanrìn ni wọ́n tẹ́ bí ẹní, 20 mítà sí 40, lẹ́tà A lẹ́nu ọ̀nà, C níbi tí adájọ́ wà. Ẹṣin á wọlé bí ìyàwó tuntun, á dúró, ọmọ á tẹríba, ẹṣin á tún máa rìn. Adájọ́ á máa fún wọn ní máàkì, láti òdo dé mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Ó kan Inès. Orí mi wú.

"Àbẹ̀kẹ́ òòò! Ọmọ Alákétu!"

Caramel na etí, ó yíjú sí mi bí ẹni pé òun ni mò ń kì. Mo bá fi kún un. Ha! Ẹṣin fò! Ó fo ọgbà, ó gbé fìlà adájọ́ lọ, ó jẹ òdòdó, ó jẹ kéèkì, bí kì í bá ṣe òkun ni, Kútọnu ni wọn ì bá ti mú un. Inès ṣáà rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ń sọ pé ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló jáde. Ṣé àwọn ló sá tẹ̀lé e ni? Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti kúrò nínú ọgbà, lílé ni. Wọ́n lé ẹṣin. Wọ́n lé èmi náà.

Nínú mọ́tò, ọmọ ò fọhùn. Ó pẹ́ kó tó fi Faransé bi mí pé, "Papa, ta ló ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́?"

Orí fóònù ni Màmá ti fún un loríkì yẹn, lọ́jọ́ ìkómọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni báyìí. Ìgbà wo ni ǹ bá pè é? Bó bá ń jí, iṣẹ́ òru ni mò ń tì bọ̀. Bó bá dé láti iléèwé, mò ń wọ bàtà. Ẹṣin gbọ́ oríkì. Ọmọ mi ò gbọ́.

Kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́? Àbí ẹ̀yin náà ti di òyìnbó ẹlẹ́ṣin? Ẹ gbé ọtí yẹn sún mọ́ mi jàre.

Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ lálẹ́ àná. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó fà mí sẹ́yìn ilé, ó rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí pé, "Ẹṣin tó níwèé yẹn, ṣé kò lè bá wa kọ lẹ́tà ìpè sí àbúrò rẹ ni?"