Ẹ má pe Boomer ní dìndìnrìn níwájú mi

Lánàá, oníbàárà kan jókòó síwájú mi, mò ń dirun fún un, ó ń wo eré Wentworth lórí fóònù. Ṣàdédé ló bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Boomer yìí, dìndìnrìn ni. Wọ́n ń lò ó bí ìgbálẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé wọn kiri." Ọwọ́ mi dúró sínú irun rẹ̀. Mi ò fèsì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó mọ̀ ọ́n. Eré Ọsirélíà ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ó parí ní 2021, apá 100 gbáko, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn obìnrin. Top Dog ni wọ́n ń pe ẹni tó bá jẹ́ olórí láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Gbogbo ẹni tí mo bá ti bá sọ ọ́, ibì kan náà ni wọ́n máa ń já sí: Bea ló mọ̀ ọ́n ṣe jù ni àbí Franky? Wọ́n á ní Jacs ńkọ́, ìyá tó jókòó sẹ́wọ̀n tó sì ní kí wọ́n lọ pa ọmọ Bea níta, títí Bea fi fi bírò gún un lọ́rùn. Wọ́n á ní Ferguson ńkọ́, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rẹ́ méjì kọlu ara wọn. Ará ibẹ̀ tó ń du oyè nìkan lojú wa máa ń tó.

Boomer, ẹlẹ́wọ̀n bíi tiwọn, ò du oyè kankan. Ọwọ́ Franky ni. Bí Franky bá fẹ́ kí jìnnìjìnnì bo ẹnì kan, Boomer ló ń rán. Kí ni Boomer ń fẹ́? Bisikíìtì Monte Carlo, àti kí Franky rí òun sí èèyàn. Oyè kúrò lọ́wọ́ Franky, ó bọ́ sọ́wọ́ Bea. Wọ́n dá Franky sílẹ̀, ó lọ ilé, Bea kú, oyè tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Boomer ṣì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ irun ni Bea ń ṣe kó tó dèrò ẹ̀wọ̀n. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí eré náà wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ irun ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn. Ọ̀gá wa kì í sábà jókòó, Sistà ló ń ṣe bí ọ̀gá. Òun ló máa sọ ẹni tó máa fọwọ́ kan orí oníbàárà àti ẹni tó máa gbálẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ kan wà tó fẹ́ gba ipò yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi, ti Sistà ni mí. Mo ti fa aṣọ ẹlòmíì ya rí torí pé ó bú u lẹ́yìn.

Sistà máa ń ṣe irun fáwọn èèyàn nílé lọ́jọ́ Sunday, rilásà ọ̀gá ló sì ń lò. Mo mọ̀. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá ka ọjà, ike ńlá méjì ò sí. Ó kó wa jọ, ó ti ilẹ̀kùn. Kẹ́kẹ́ pa. Sistà ò sọ nǹkan kan fún mi o. Ó kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹrí ba, ó ń to róólà sínú abọ́, pupa lọ́tọ̀, aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀. Ni mo bá ní, "Mà, èmi ni."

Oṣù mẹ́fà ni ọ̀gá fi kún ọdún mi.

Oṣù mẹ́fà yẹn ò tíì pé tí Sistà fi gba fírídọ́ọ̀mù. Ó kúnlẹ̀, ọ̀gá gbàdúrà fún un, ó gbé sísọ́ọ̀sì àti kóòmù lé e lọ́wọ́, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Èmi ni mò ń pín ìrẹsì. Nígbà tí mo gbé tiẹ̀ dé iwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun." Ẹ ṣeun o! Èmi tó máa ń pè ní "ọmọ mi", ó wá ń kí mi bí ẹni tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà.

Àwọn kan á ní ta ló ní kí n gba ohun tí mi ò ṣe. Ẹni tí kò bá tíì dúró nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn ẹ̀ rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo jókòó láti kọ ni pé Sistà lò mí, bí Franky ṣe lo Boomer. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí ni mò ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ òsì mi. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni kóòmù gbígbóná jó mi níbẹ̀. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wò mí. Sistà nìkan ló dìde, ó fà mí lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó di ọwọ́ mi mú sábẹ́ omi yẹn pẹ́, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, má yọ ọ́, má tíì yọ ọ́." Oníbàárà ń dúró dè é, kò dá a lóhùn. Ṣé ó ti ń wá ọwọ́ tó máa rán níṣẹ́ nígbà yẹn ni, àbí ó fẹ́ràn mi lóòótọ́? Mi ò rò pé Boomer náà lè sọ èwo nínú méjèèjì ni ti Franky.

Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Mi ò pè é rí láti ọjọ́ náà. "Sistà mi" ni mo kọ sí i.