Ẹ̀gbọ́n, Ishmael Beah kì í ṣe ọmọ RUF o

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ nǹkan tẹ́ẹ sọ níbi ìpàdé wa l'Ádó lánàá, pé Ishmael Beah ti Sierra Leone tó ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri ayé, ọmọ RUF ni, ìyẹn ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tó bá ìjọba wọn jagun, ẹ̀wọ̀n ló yẹ kó wà. Rárá o. RUF ló tú ìlú wọn ká tó fi dẹni tó ń sá kiri inú igbó, sójà ìjọba gan-an ló wá gbé ìbọn lé e lọ́wọ́, ọmọ bí ọdún 13, wọ́n sì ń fi oògùn olóró bọ́ ọ. UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, ló gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn ní 1996, nígbà tó di 2007 wọ́n fi í ṣe alágbàwí àwọn ọmọ tógun bà láyé jẹ́.

Ti ẹ̀wọ̀n yẹn, kóòtù àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Freetown fún ẹjọ́ ogun yẹn ò lè gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ò tíì pé 15 nígbà tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà tó kó ọmọdé sógun ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ẹ tún ní tí wọ́n bá ti gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó jagun tán, ó parí. Háà, àwa ọmọ Kírìjì! 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì, àwọn jagunjagun ò kúrò ní bùdó títí di 1893. Àwọn ọmọ Sierra Leone yẹn náà, lẹ́yìn ìbọn, wọ́n ṣì ní láti wá ẹbí wọn, kí wọ́n padà síléèwé tàbí kí wọ́n kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà.