Ohun tó wà nínú ìṣáwùrú odò Ọ̀ṣun

Ẹni tó bá mú ìṣáwùrú kan ní etí odò Ọ̀ṣun, tó sì yí i wò dáadáa, lè rí i pé ọwọ́ òsì ni ìkarahun rẹ̀ ká sí, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún bíi ti ọ̀pọ̀ ìgbín. Lanistes varicus ni àwọn onímọ̀ ń pe irú èyí. Ahọ́n rẹ̀ rí gbágungbàgun bíi páànù tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, òun ló sì fi ń họ nǹkan tútù aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára òkúta jẹ. Ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ìṣáwùrú yóò gbé e mì.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde pé àwọn bá èérún ike nínú ìṣáwùrú yìí àti nínú èkejì rẹ̀ tó ṣe ṣóńṣó bí òkòtó, nínú odò Ọ̀ṣun kan náà. Èérún ike ni àwọn ègé ike tí kò tó mìlímítà 5, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣeé fi ojú lásán rí. A kò ní láti wá ibi tó ti ń wá lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tí oòrùn ti pa fún oṣù mélòó kan lẹ́bàá gọ́tà, kí ẹ fọwọ́ fún un: yóò fọ́ wúruwùru bí ewé gbígbẹ. Òjò ni yóò gbé ìyókù dé odò.

Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí ní apá kejì, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ti fi èérún ike bọ́ ìṣáwùrú nínú ilé ìwádìí, wọn kò sì rí ìpalára kan tó ṣe gbòógì. Ẹran tó ti ń gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ mì láti ọjọ́ tó ti dáyé lè fara da ìdọ̀tí díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ilé ìwádìí kì í ṣe omi Ọ̀ṣun, tí àwọn awakùsà góòlù ti sọ di pípọ́n bí omi amọ̀, tí epo mọ́tò àti omi ọṣẹ sì ń ṣàn sínú rẹ̀. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ àti omi ni ìkarahun ti ń wá: kálísíọ̀mù tí ẹran náà fà láti inú méjèèjì ló fi ń mọ ilé rẹ̀. Ikùn tí ike bá gba àyè oúnjẹ nínú rẹ̀ kò lè rí agbára tó pé fi mọlé. Ẹja àti pẹ́pẹ́yẹ sì ń jẹ ìṣáwùrú, àwa náà sì ń jẹ ẹja. Odò yìí kan náà ni wọ́n sé ní Àṣejíre láti fún Ìbàdàn lómi.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de abọ́ fóòmù tí àwọn olóúnjẹ ń lò ní ọdún 2024, ó sì fi àwọn ike àlòsọnù mìíràn kún un ní oṣù keje ọdún 2025. Àwọn kan fẹ́ kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kún un. A kò fara mọ́ èyí tó kẹ́yìn yìí. Ìyá tí omi ẹ̀rọ kò tíì yọ ládùúgbò rẹ̀ láti ọdún mélòó sẹ́yìn kò ra píọ̀ wọ́tà nítorí fàájì, ìjọba tí kò sì lè fún un lómi kò lẹ́nu láti gba ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí a ń béèrè ni pé kí àwọn tó ń pèsè omi náà tà máa san owó ìkójọ ọ̀rá wọn, kí owó náà sì dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣa ike kiri, tí wọn kì í ṣa ọ̀rá báyìí nítorí pé kò tẹ̀wọ̀n, kò sì lówó lórí. Kí àjọ Ogun-Osun River Basin, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ láti ọdún 1976 nítorí àwọn odò yìí gan-an, máa yẹ inú ìṣáwùrú wò lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta fún aráàlú. Igbó Ọ̀ṣun wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005. Ó yani lẹ́nu pé ẹni tó wá pọn omi Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ ń sọ ìgò ike sílẹ̀ fún un kó tó lọ.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo sì de asẹ́ onírin mọ́ ẹnu àwọn gọ́tà ńlá tó já sódò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, nítorí òjò yẹn ló ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo gbé gbogbo ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn kó jọ lọ.