Ọjọ́ A Bá Kú Là Ń Dère: Ọ̀rọ̀ Hattie McDaniel

Bí òṣèré kan bá ti kú báyìí, kí ilẹ̀ tó ṣú ni ojú Facebook yóò ti kún fún "ó dàárọ̀ o, akọni obìnrin," àwọn tó sì ń kọ ọ́ ni àwọn kan náà tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí ó fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ síta pé àìsàn ń bá òun fínra, tí wọ́n ń bi í pé níbo ló kó owó fíìmù sí. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè: ẹni tí a kò fún láṣọ nígbà ayé rẹ̀ ni à ń gbẹ́ lére, tí a tún ń wọṣọ fún ère náà. Àwa nìkan kọ́ la ní ìwà yìí. Ẹ wo ohun tí Amẹ́ríkà fi ojú Hattie McDaniel, òṣèré fíìmù wọn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, rí.

Ìlú Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, ni wọ́n ti bí i ní 1893. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ kí òmìnira tó dé, bàbá rẹ̀ sì ja ogun abẹ́lé lẹ́yìn Àríwá. Orin ni Hattie kọ́kọ́ ń kọ. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 1929, iṣẹ́ tó rí ní Milwaukee ni títọ́jú ilé ìtọ̀ àwọn obìnrin ní ilé fàájì kan, kí wọ́n tó gbà kó gun orí ìtàgé níbẹ̀. Ní 1931 ó forí lé Los Angeles, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lónìí, alásè lọ́la, nínú fíìmù wọn.

Ipa ọmọ ọ̀dọ̀ náà ló kó nínú Gone with the Wind, fíìmù nípa ayé àwọn olóko ẹrú, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Atlanta ní oṣù Kejìlá 1939, òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò sì jẹ́ kó débẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 1940, ó fi òdòdó funfun ṣe irun lọ́ṣọ̀ọ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì Ambassador tí wọ́n ti ń pín Oscar, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù. Òtẹ́ẹ̀lì náà kì í gba aláwọ̀ dúdú, àfi ìgbà tí David O. Selznick tó ṣe fíìmù náà bẹ̀ wọ́n. Tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n sì fi í sí, jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti dìde lọ gba Oscar, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gbà á. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n fún un, wọn kò fún un ní àga láàárín wọn.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ náà kò dákẹ́. Walter White, olórí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, bẹnu àtẹ́ lu irú ipa bẹ́ẹ̀. N kò ní í purọ́, fíìmù náà kun oko ẹrú lósùn. Ṣùgbọ́n ta ni nínú àwọn tó ń bú u ló ní ipa mìíràn tí yóò fún un? Obìnrin yìí kan náà wà lára àwọn tó jà nílé ẹjọ́ ní 1945, tí wọ́n sì borí, nígbà tí àwọn òyìnbó fẹ́ lé aláwọ̀ dúdú kúrò ní Sugar Hill, àdúgbò tó ń gbé ní Los Angeles.

Jẹjẹrẹ ló pa á ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1952. Ó ti sọ ọ́ pé itẹ́ òkú Hollywood ni kí wọ́n sin òun sí, wọ́n kọ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di 1999 ni ẹni tó ra itẹ́ náà wá ní kí wọ́n gbé e wá, àwọn ẹbí rẹ̀ ní kò sí ẹni tí yóò hú òkú àwọn, ni wọ́n bá kúkú gbé òkúta ìrántí kan síbẹ̀. Oscar tó fi sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard sọnù. Ọdún 2023 ni wọ́n tó fún Yunifásítì náà ní òmíràn. Aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olódàárọ̀, ẹ yé dà wá láàmú. Òṣèré tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ kò ṣòro fún yín láti rí. Ẹ̀yin náà lẹ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ lọ san owó oògùn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ pa ẹnu yín mọ́ nígbà tó bá kú.