Èsì tí Wọ́n Kọ̀ ní 1953

Gbogbo 31 Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ tí wọ́n ṣí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn n'Íbàdàn, làwọn èèyàn wa máa ń gbé e káàkiri orí Facebook pé Ìbàdàn ti ní tẹlifíṣọ̀n kí ilẹ̀ Faransé tó ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yéé sọ bẹ́ẹ̀. Láti 1935 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Páríìsì. Mòrókò náà ti rí i ní 1954. Ní gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà ni WNTV ti ṣe àkọ́kọ́, ní 1959, ìyẹn náà sì tó yangàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ipò kìíní la ń dù, a kì í sọ ohun tó bí i.

Ẹ rántí orúkọ tí àwọn bàbá wa sọ rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ sì ro ó ní 1953. Anthony Enahoro dá àbá nílé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà máa ṣèjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ọ̀rọ̀ dàrú, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group àti NCNC bínú jáde. Macpherson, gómìnà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí, bọ́ sórí rédíò, ó dá Action Group lẹ́bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò kan náà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ 1954 fi àyè gba àwọn ẹkùn láti dá ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tiwọn sílẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fọwọ́ so pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé òpó sórí Òkè Màpó. Àníkẹ́ Agbájé-Williams ni ojú obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Mi ò ní purọ́ pé kò sí ìṣèlú ńbẹ̀: kò pé oṣù méjì sí ìdìbò àpapọ̀ tí wọ́n ṣí i.

Ìyá mi sọ fún wa pé ní pálọ̀ oníkòkó kan ládùúgbò wọn, àpótí onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni tẹlifíṣọ̀n náà. Àwọn ọmọdé á rọ̀ mọ́ fèrèsé, wọ́n á kí obìnrin inú rẹ̀ pé "Ẹ káalẹ́ mà," wọ́n á wá dákẹ́ kó lè dá wọn lóhùn.

Ibi tó ká mi lára ni pé kò ju ọdún mẹ́fà lọ tí ilé tí wọ́n kọ́ nítorí èsì fi di asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní Oṣù Kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìdìbò tó dá rògbòdìyàn sílẹ̀, ìbọn lẹnìkan fi wọ ilé iṣẹ́ rédíò tó jẹ́ ìkejì WNTV n'Íbàdàn, tó ní kí wọ́n yọ téèpù ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀, adájọ́ dá a sílẹ̀. Èmi ò gbóríyìn fún ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbà kí ohùn mìíràn tó jáde níbẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, kọmíṣọ́nnà kan sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ kan pé wọ́n ti tún gọ́tà àdúgbò wa ṣe. Àwa lánlọ́ọ̀dù ya fídíò gọ́tà náà bó ṣe wà, èmi ni mo gbé e lọ fún wọn. Ọmọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, wọn ò ní jẹ́ ká gbé e."

Kí ẹni tí wọ́n bá dárúkọ tàbí àdúgbò tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ láǹfààní láti fèsì lórí ẹ̀rọ kan náà, lálẹ́ ọjọ́ kejì, ohun tí mo ń bèèrè nìyẹn. Fídíò wa ṣì wà lórí fóònù mi. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin.