Fífò Kì Í Ṣe Ohun Tí À Ń Kọ Sínú Ìwé

Ẹ gba ìwé ọmọ yín tó wà ní kíláàsì kẹta, kí ẹ ṣí i sí ibi tí wọ́n kọ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sí. Ẹ máa rí i níbẹ̀ pé eré fífò pín sí oríṣiríṣi, pé ènìyàn 11 ló ń gbá bọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pé eré ìdárayá ń mú ara le. Ojú pátákó lọmọ ti dà á kọ, tíṣà sì ti fi bírò pupa sàmì sí i: 10 nínú 10. Ó dára. Ẹ wá mú bọ́ọ̀lù kékeré kan, kí ẹ fi ìṣísẹ̀ mẹ́fà jìnnà sí ọmọ náà, kí ẹ rọra jù ú sí i. Ọ̀pọ̀ wọn á di ojú, wọ́n á na apá méjèèjì síwájú gbọnrangandan bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù igi, bọ́ọ̀lù á bà wọ́n láyà, á sì yí lọ. Wọ́n mọ iye ènìyàn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí a ṣe ń hán an ni wọn ò mọ̀.

A ò dá ọmọ lẹ́bi. A ò sì ní dá tíṣà rẹ̀ lẹ́bi, nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ, ibo ni kó ti rí i kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí ni àwọn tó ń kọ́ tíṣà àti àwọn tó ń gbà wọ́n síṣẹ́: àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni wa, àjọ SUBEB tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ láti Èkó dé Èkìtì.

Ọ̀rọ̀ náà ti di kánjúkánjú báyìí. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ tún ṣe ní 2012, tí ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2014, wọ́n kó eré ìdárayá pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà, wọ́n wá fún gbogbo wọn ní orúkọ kan ṣoṣo, Basic Science and Technology. Ẹni tó bá mọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa mọ ohun tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹ̀kọ́ mẹ́rin bá ń jẹun nínú àwo kan, èyí tí ìdánwò kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè lebi máa ń pa. Tíṣà á kọ́ wọn ní ti sáyẹ́ǹsì, á kọ́ wọn ní ti kọ̀ǹpútà lójú pátákó (kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ò sí, ìyẹn dọjọ́ mìíràn), ti eré ìdárayá á wá di ìlà márùn-ún nínú ìwé. Ní 2025, ìjọba tún ètò náà tò, Ìlera àti Eré Ìdárayá sì ti padà dá dúró láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. A kí wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n tíṣà tó dúró níwájú kíláàsì lánàá náà ló dúró síbẹ̀ lónìí. Bí a ò bá kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn, ìlà márùn-ún yẹn kàn máa di ojú ìwé méjì ni.

Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni gbogbo wa fi ń wọn ọmọ. A ò tíì ní orúkọ fún ìkejì rẹ̀, ìyẹn ìmọ̀ tó wà nínú ẹsẹ̀, apá àti ojú: kí ọmọ lè sáré kó sì dúró láìṣubú, kó fò kó sì fi orúnkún tó rọ̀ balẹ̀, kó ju nǹkan, kó hán nǹkan, kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní mọ̀ọ́sá-mọ̀ọ́fò. Margaret Whitehead, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1993, ní kì í ṣe agbára ara nìkan ni: ó gbọ́dọ̀ wu ọmọ láti ṣe é, kó gbà pé òun lè ṣe é, kó sì mọ ìdí tó fi yẹ kó máa ṣe é títí dọjọ́ ogbó.

Àwọn kan á ní, èwo ni ti ká máa kọ́ ọmọ bó ṣe máa sáré? Àbí kì í ṣe ọmọ Yorùbá tó ń ṣe bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran àti suwé la ń sọ ni? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. A tiẹ̀ fẹ́ kí tíṣà kó àwọn eré yẹn wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́, torí ohun tí suwé ń kọ́ ọmọ nípa dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, ìwé kankan ò lè kọ́ ọ. Àmọ́ ẹ wo àdúgbò wa. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà tàbí nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ti ń ṣe ẹkùn mẹ́ran ti di ṣọ́ọ̀bù. Ilé tí ẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ ò jẹ́ kí wọ́n dá ọmọ sílẹ̀ lóde, fóònù ni wọ́n ń kì í lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó bá sì fẹ́ fò, ẹnìkan á pariwo láti inú ilé, ṣé ó ti gbàgbé pé obìnrin lòun ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi wákàtí kan lóòjọ́ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2019, 81 nínú 100 àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 11 sí 17 lágbàáyé ni kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ìrìn lọmọ ń mọ̀ fúnra rẹ̀. Jíju nǹkan bó ti yẹ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń fi han ẹni. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́fà tó fẹ́ ju òkò: bó bá fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ló sábà máa ń gbé síwájú, gbogbo àyà rẹ̀ á kọjú sí ibi tó ń jù ú sí, òkò á sì já sílẹ̀ níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Tíṣà tí wọ́n kọ́ á rí i lójú ẹsẹ̀. Á ní, "Fi ẹ̀gbẹ́ kọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni kó wà níwájú." Gbólóhùn méjì péré, òkò ti lọ jìnnà. Tíṣà tí wọn ò kọ́ á ní, "Jù ú dáadáa!" Ohun tí ọmọ náà ti ń gbìyànjú láti ṣe látàárọ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkó ọgọ́ta ọmọ jáde láìjẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ dojú rú. Tíṣà tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀ á to gbogbo wọn sórí ìlà kan, á gbé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún ẹni iwájú, àwọn 59 yòókù á máa wòran. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á yọjú lójú fèrèsé, á ní kí wọ́n wọlé, wọn ò sì ní jáde mọ́ títí sáà á fi parí. Ẹni tó mọṣẹ́ á pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ń fo okùn, òmíràn ń ju àpò yanrìn sínú taya, òmíràn ń tọ ìlà lẹ́sẹ̀-mẹ́sẹ̀. Bó bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kálukú á bọ́ síbòmíràn. Kò sí àfọ̀ṣẹ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí iṣẹ́ aránṣọ, ó sì ṣeé kọ́ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ. Ẹ bi ọmọ yín léèrè irú eré ìdárayá tó ń ṣe jù nílé ẹ̀kọ́. Frog jump ni. Ẹni tó pẹ́ dé, kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ọgbà po. Ẹni tó pariwo, kó fìka kan kanlẹ̀ kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, èyí tí wọ́n ń pè ní pick pin. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kó gbé apá sókè títí wọ́n á fi kú tipiri. Fífò, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, nínà apá: ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀kọ́ ti di ìyà. Bí gbogbo kíláàsì bá wá ṣàìgbọràn, àkókò eré gan-an ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí wọ́n fi ara rẹ̀ jẹ níyà fọ́dún mẹ́fà, kí ni yóò mú kó fẹ́ràn láti lo ara náà nígbà tó bá pé ogójì ọdún, tí dókítà ń sọ fún un pé kó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ilé ẹ̀kọ́ á ní àwọn ń ṣe ìdíje ilé sí ilé lọ́dọọdún. Àwa náà fẹ́ràn rẹ̀: ilé pupa, ilé aláwọ̀ ewé, ìlù, ìyan ológun, àwọn ìyá tó wé gèlè wá fọ́n fèrè. Ṣùgbọ́n ta ló ń sáré níbẹ̀? Ọmọ tẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti yá tẹ́lẹ̀ ni. Èyí tó sanra, èyí tójú ń tì, èyí tẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan rọ, abẹ́ kánópì ni wọ́n ń fi wọ́n sí kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Inú wa dùn bí ti gbogbo ayé nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá 100 mítà onídènà ní Eugene ní oṣù keje 2022, tí kò sí obìnrin tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Wíwá Amusan mìíràn kì í ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ abẹ́ kánópì yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀.

NCE, ìwé ẹ̀rí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ń fúnni, ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ wa ní ó kéré jù fún ẹni tó máa kọ́ ọmọ. Ẹnìkan ṣoṣo ló sì ń kọ́ gbogbo iṣẹ́ ní kíláàsì kan, ì báà jẹ́ pé Yorùbá àti Social Studies ló kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bó bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, inú kíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, lolùbẹ̀wò máa ń bá a. Ohun tí a ń sọ ni pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan má fún ẹnikẹ́ni ní NCE láti kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí olùbẹ̀wò kò bá tíì jókòó ti pápá wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Ẹ lọ bá wọn, kí wọ́n kọ́ àwọn yòókù bí a ṣe ń mú ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera wọ inú eré.

Ní ti àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, owó tí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ń fún ìpínlẹ̀ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wà nílẹ̀. A mọ bí wọ́n ṣe ń ná an: gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, báàgì tí wọ́n kọ orúkọ ètò sí, ráìsì àti adìyẹ, ọ̀rọ̀ gígùn láti orí àga gíga. Fún ti eré ìdárayá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n wọ bàtà kańfáàsì wá. Kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta wà lórí pápá, kí tíṣà fo okùn náà fúnra rẹ̀, kó tó padà sọ́dọ̀ ọmọ. Okùn, taya tó ti jẹ, àpò yanrìn àti ṣọ́ọ̀kì kò wọ́n. Kí SUBEB kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pé frog jump àti pick pin kúrò nínú ìyà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ sì yéé gé pápá ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn olóṣèlú wa fẹ́ràn láti máa dárúkọ Awólọ́wọ̀. Ní 17 oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń darí nígbà náà, ṣùgbọ́n láti 1952 tí Stephen Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ń múra tíṣà sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fọ́mọ. Ètò ẹ̀kọ́ tuntun yìí ti ṣí ilẹ̀kùn ná. Bí àwọn olùbẹ̀wò bá dé ilé ẹ̀kọ́ ní sáà tó ń bọ̀, kí wọ́n má béèrè ìwé tọ́mọ fi kọ eré ìdárayá. Kí wọ́n ní kí tíṣà kó kíláàsì rẹ̀ jáde sí gbangba, kí wọ́n fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì wo ohun tó máa ṣe fún ìṣẹ́jú 35.