Ẹ Kọ Iye Owó Oṣù Sínú Bọ́ǹdì Yẹn

Wọ́n ti sọ tẹnu wọn, ó wá kan tiwa. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sórí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ní ọ̀pọ̀ lẹ́kíṣọ̀ tí wọ́n fowó ìjọba rán lọ kàwé lókè òkun kì í padà wálé mọ́, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá sikọ́láṣíìpù òkè òkun dúró láti January 1, 2025, látìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé àdéhùn pé àwọn á padà wá sìn, ọ̀rọ̀ onídùúró àti ọ̀rọ̀ kí wọ́n dá owó padà là ń gbọ́ ṣáá. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ìwé ìròyìn yìí ti ń bi wọ́n látẹ̀yìn wá, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn: ẹni tó bá padà wá, èló lẹ fẹ́ máa san fún un?

Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ o. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀wé pé òun á padà, tó wá náwó ìlú tán tó sá lọ, kò ṣe dáadáa rárá. Owó TETFund kì í ṣe owó tó já bọ́ látọ̀run, owó orí tí wọ́n ń yọ nínú èrè àwọn kọ́ńpìnnì ni, wọ́n tiẹ̀ gbé e dé 3% ní 2023, ẹni tó bá jẹ ẹ́ gbé, kó pọ̀ ọ́ padà, a ò ní bá a bẹ̀bẹ̀. A sì mọ̀ pé àwọn onídùúró kan wà nílé níbí tí wọn ò lè sùn lóru nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tí kò gbé fóònù mọ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹni tó padà wá, torí tiẹ̀ kì í dé inú ìròyìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa ní ọ́fíìsì, ó ti gba PhD, ó ti dé, ó wọlé sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó wọlé gan-an. Ó tú fáìlì ẹ̀ sórí tábìlì wa: lẹ́tà tó fi sọ fún rẹ́jísítírà pé òun ti dé, fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí tuntun, lẹ́tà ìránnilétí kìíní, ìkejì, ìkẹta, gbogbo wọn ni wọ́n lu sítáǹpù pé àwọn ti gbà á, èsì nìkan ni kò sí níbẹ̀. Assistant Lecturer ni kó tó lọ, owó Assistant Lecturer náà ni wọ́n ṣì ń san fún un, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti dé. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé yunifásítì ló mọ̀ pé ẹni tó bá ti ní PhD, Lecturer II ló yẹ kó wà, CONUASS 3 nìyẹn lórí tábìlì owó oṣù, òun ṣì wà lórí 2. Wọ́n ní kó ní sùúrù, kọmítì ò tíì jókòó. Nígbà tó fẹ́ fi àlẹ́ẹ̀tì oṣù tó kọjá hàn wá, ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò bo iye tó wà níbẹ̀, ó yí fóònù sí wa, ó dúró díẹ̀, kó tó wá gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ń tì í. Ó ní supervisor òun lọ́hùn-ún ṣì ń kọ email sí òun pé àyè ṣì wà.

Tábìlì owó oṣù tí wọ́n fi ń san fún un, àdéhùn 2009 láàárín ìjọba àti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn lẹ́kíṣọ̀ yunifásítì, ló bí i. Dọ́là kan nígbà yẹn, bíi N150 ni, ó ti kọjá N1,300 báyìí. Lítà epo kan kò tó N200 kó tó di May 29, 2023, kí ẹ lọ wo iye tó wà lára pọ́ǹpù ní filin-sítéṣọ̀n àdúgbò yín. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tí wọ́n fi kún un fún ọ̀pọ̀ lẹ́kíṣọ̀ ni 25% láti January 2023, àti 40% tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti January 2026. Ẹ gbé méjèèjì léra, N100 ti 2009 di N175, nígbà tí dọ́là fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Àfikún minimum wage tó wọlé láàárín kò tó nǹkan tó lè dí ihò yẹn.

A kí ASUU àti ìjọba kú iṣẹ́ lórí 40% yẹn nígbà tí wọ́n ṣí àdéhùn tuntun náà lójú agbo ní Abuja, a ò ní kó ọ̀rọ̀ wa jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àláwáǹsì tuntun inú ẹ̀ bọ́ sí, ọ̀dọ̀ professor àti Reader, ìyẹn associate professor. Ó tọ́ sí àwọn àgbà wọ̀nyẹn, a ò bá wọn jà. Àmọ́ ṣé professor ló ń sá lọ ni? Àwọn kékeré, Assistant Lecturer àti Lecturer II, ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń fi sikọ́láṣíìpù rán lọ, àwọn ni wọ́n ní wọn kì í padà wá. Ibi tí ilé ti ń jò, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n gbé páànù tuntun sí. Ti àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ wa tún wá burú jùyẹn lọ, wọ́n ń gba owó TETFund bíi ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ká san owó oṣù tuntun, àwọn gómìnà kan á ní àwọn ò sí níbi tí wọ́n ti ṣàdéhùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé kò sówó. Nígbà tó wù wọ́n, ṣebí wọ́n gbé owó àwọn agùnbánirọ̀ láti N33,000 dé N77,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ó ti sú wa láti máa sọ ọ́: ọlọ́pàá ò lè bá yín kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, onídùúró tẹ́ ẹ bá tì mọ́lé ò lè bá yín mójú tó láàbù, ẹni tó jókòó síbi kan lókè òkun tó ń ka ìròyìn pé owó oṣù àwọn ẹgbẹ́ òun nílé ò tó san owó ilé, ṣé ìhàlẹ̀ lẹ rò pé ó máa gbé e wọkọ̀ òfuurufú? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

A ti ka irú bọ́ǹdì tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀ yìí. Ohun tí ọmọ jẹ ìjọba ló kún inú ẹ̀ bámúbámú, iye ọdún tó gbọ́dọ̀ sìn, iye tó máa dá padà tó bá sá, orúkọ onídùúró, àdírẹ́sì onídùúró, ibi iṣẹ́ onídùúró. Ohun tí ìjọba jẹ ọmọ náà ńkọ́? Ìlà kan ṣoṣo kò sí. Kò sí ipò tó máa dé bá, kò sí iye tó máa gbà lóṣù àkọ́kọ́, kò sí ọjọ́ tí lẹ́tà àgbéga gbọ́dọ̀ jáde.

Ohun tí à ń béèrè kò le. Kí wọ́n tó tún rán ẹnikẹ́ni lọ, yálà Íńgláǹdì ni o, Malaysia ni o, tàbí Ìbàdàn níbí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pé ọjọ́ tó bá gbé PhD ẹ̀ wọlé ló máa di Lecturer II, pé láàárín oṣù mẹ́ta owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yí padà, pé tí kò bá yí padà, àjẹsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ yẹn, àti pé tí yunifásítì bá kọ̀ láti ṣe é, bọ́ǹdì ti já nìyẹn, onídùúró bọ́. Kí wọ́n sì kọ iye owó oṣù náà síbẹ̀ ní náírà, kí ọmọ náà rí i kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí iye yẹn bá ń ti ìjọba lójú láti kọ sílẹ̀, kí wọ́n fi kún un.

Lẹ́tà ìránnilétí kẹrin ti wọ ọ́fíìsì rẹ́jísítírà láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Àwa náà ń retí èsì ẹ̀.